Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí: Irú Ìbọn Wo Ló Yẹ Eré Wa?

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìbọn ló gba ojú òpó WhatsApp kíláàsì wa kan. Eré orí ìtàgé àti fíìmù kékeré tí a fẹ́ ṣe fún ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka wa ló fà á. Ọdẹ wà nínú ìtàn náà, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ìgárá ọlọ́ṣà kò gbẹ́yìn, ìran kan sì padà sẹ́yìn dé ayé ogun Kírìjí. Ibo la ti máa wá rí ìbọn? Àwọn kan ní kí a dáwó jọ, kí a ra ìbọn airsoft mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe máa wò ó tí kò ní pè é ní ojúlówó. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ rà á gan-an ni ìdí tí èmi kò fi fẹ́ kí a rà á. Mo ti sọ ọ́ lórí òpó náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ti kíláàsì wa nìkan. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa máa ṣe eré, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde náà sì wà nídìí fíìmù àti àwàdà orí ẹ̀rọ ayélujára. Èrò mi ni pé ipa tí òṣèré ń kó ni kó yan ìbọn fún un, káfíńtà ni kó gbẹ́ ìbọn náà, kò sì gbọdọ̀ jáde kúrò níbi eré ní àwọ̀ ìbọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí airsoft jẹ́, torí kì í ṣe gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ Japan ló ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980. Òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí mẹ̀kúnnù ní ìbọn, ni àwọn tó fẹ́ràn ìbọn bá ṣe èyí tí ń yin ọta oníke róbótó, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ. Sípíríǹgì, bátìrì tàbí gáàsì ló ń tì í jáde. Lónìí, wọ́n ń fi í ṣe eré ogun nínú igbó àti inú ilé àlòkù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn. Wọ́n a wọ dígí líle bojú, wọ́n a pín ara wọn sí ẹgbẹ́ méjì, oníkálukú a sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó máa wọ inú ilé yóò mú ìbọn kúkúrú kí ó má baà máa kọ́ ara ògiri. Ẹni tó máa lúgọ sókèèrè yóò mú èyí tó gùn, yóò sì de awò mọ́ ọn lórí. Ẹni tó máa dá ọ̀tá dúró kí àwọn yòókù lè rìn yóò gbé èyí tó wúwo, tó ń gba ọta púpọ̀. Mo fara mọ́ ọgbọ́n yìí gan-an. Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ìbọn, ibẹ̀ ni èmi náà sì ti fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ rà á ní ẹ̀rí lọ́wọ́, n kò sì ní fi í pamọ́. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù Rust ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, ìbọn tí wọ́n rò pé kò ní ọta gidi nínú pa Halyna Hutchins, ayàwòrán wọn. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tó ń darí eré orí tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ The Rookie kéde pé airsoft nìkan ni àwọn yóò máa lò láti ìgbà náà lọ, kọ̀ǹpútà ni yóò sì máa fi iná sí ẹnu rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní: ṣé ẹ ò rí i, àwọn tó mọṣẹ́ ti yan airsoft nítorí ààbò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbọn gidi ni àwọn ará ibẹ̀ ń sá fún tí wọ́n fi bọ́ sọ́dọ̀ airsoft. Àwa kò ní ìbọn gidi kankan tí a fẹ́ sá fún. Ọwọ́ òfo la ti ń bọ̀. Bí a bá ra airsoft, kì í ṣe pé a dín ewu kù, a lọ fi owó ra ewu tí kò sí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ewu wo? Àwọn àgbà ti dá a lóhùn kí wọ́n tó dá Japan lóhùn: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun? Apátí ni ohun tí a fi ń yin ìbọn. Ìbọn tí kò ní apátí kò lè yìn, igi lásán ni. Síbẹ̀ òwe náà kò bi wá bóyá ìbọn náà lè pani. Ẹni tí a kọjú rẹ̀ sí ni ó bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to gbólóhùn náà: “ní apátí, kò ní apátí”, kò sí “tàbí”, kò sí “bóyá” láàárín wọn, a gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni pé wọn kò yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè pèsìjẹ tẹ̀lé e, ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀: kò sí ẹnì kankan. Èyí tó fẹ́ mọ̀ bóyá apátí wà lára rẹ̀, kí ó tó mọ̀, ó ti sá tàbí kí ó ti fi tirẹ̀ fèsì.

Gírámà èdè wa gan-an gbè mí lẹ́sẹ̀. A ń pè é ní ìbọn ìṣeré, ìbọn oníke, ìbọn onígi. Ẹ̀yán ló ń yí padà, orí àpólà náà kò yí: ìbọn ni. Ẹni tó bá wà lókèèrè, orí ló máa ń rí, ẹ̀yán kì í hàn sí i.

Àwọn tó ṣe kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ìlò-èdè máa rántí John Austin, tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ How to Do Things with Words jáde ní 1962, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ìṣe: bí adájọ́ bá ní “mo dá ọ lẹ́bi”, ó ti dá a lẹ́bi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó yọ ọ̀rọ̀ tí òṣèré bá sọ lórí ìtàgé sílẹ̀. Bí òṣèrékùnrin bá sọ fún òṣèrébìnrin lórí ìtàgé pé òun fẹ́ ẹ, kò sí ìgbéyàwó níbẹ̀. Ìtàgé ló gba agbára lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbọn rí. Bí ọlọ́ṣà bá kọ ìbọn sí onílé lójú iná ìtàgé, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ìbọn kan náà sábẹ́ apá, kí ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìkàrẹ́, ìtàgé ti tán, ìbọn kò tíì tán. Kò sí ohun tó máa sọ fún ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà pé eré ni.

Ọ̀nà tí mo ń wí yìí kì í sì í ṣe ọ̀nà kan lásán. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá láti Ọ̀wọ̀, láti Ọ̀kà, láti Ìkàrẹ́ sí Àkùngbá, ẹ mọ iye ibi tí ọlọ́pàá, ṣójà àti Amọ̀tẹ́kùn ti ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Àwọn ajínigbé ti sọ ojú ọ̀nà wa di ohun tí ìyá ń gba ààwẹ̀ lé lórí bí ọmọ bá fẹ́ padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, ní ọjọ́ Àìkú, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa àwọn olùjọ́sìn tó lé ní ogójì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó máa rí ìbọn lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ní agbègbè wa tó máa kọ́kọ́ rò pé eré ni. Agbófinró tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà láti òru kò ní dúró ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. N kò sì ní dá a lẹ́bi.

Bí ẹ bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, ẹ gbọ́ ti Tamir Rice. Ọmọ ọdún 12 ni, ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2014, ó ń fi ìbọn airsoft ṣeré ní ọgbà ìgbafẹ́. Òfin Amẹ́ríkà ní kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn pípọ́n ní ẹnu, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ti èyí kúrò. Ẹni tó pe ọlọ́pàá sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìbọn náà má jẹ́ gidi. Ọ̀rọ̀ yìí kò dé etí àwọn ọlọ́pàá tó lọ síbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì tí ọkọ̀ wọn dé, ọ̀kan nínú wọn ti yìnbọn fún un. Ọmọ náà kú ní ọjọ́ kejì. Ìbọn rẹ̀ kò ní apátí, bí a bá fẹ́ fi ojú òwe wò ó.

Òfin wa náà kò dákẹ́. Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìn-ín-ní ni àwọn tí a kà léèwọ̀, irú bí ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Ìpín kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ti ẹnu kì. Láàárín méjèèjì ni ìpín kejì wà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, òfin náà sì dárúkọ ìbọn aláfẹ́fẹ́ níbẹ̀ ní tààrà. N kì í ṣe agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n mo lè ka ìwé, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa máa dúró níwájú adájọ́ láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín airsoft àti ìbọn aláfẹ́fẹ́ ní oṣù tí a fẹ́ ṣe àṣekágbá.

Ó wá ku ẹ̀sùn kan tó lágbára jù lọ tí wọ́n fi kàn mí: pé bí ìbọn kò bá jọ ojúlówó, eré wa máa di ẹlẹ́yà. Èmi rò pé ìdàkejì rẹ̀ ni. Ohun tó ń sọ eré di ẹlẹ́yà ni ìbọn tó jọ gidi lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú ipa kọ̀ọ̀kan.

Ọdẹ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ṣakabùlà ni tirẹ̀. Ìbọn náà gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Igi gbọọrọ àti páìpù tí a fi ọ̀dà dúdú kùn ti tó. Ohun tó máa jẹ́ kí a gbà á gbọ́ ni ohun tó yí i ká: gbérí, fìlà, àpò ẹ̀tù àti àtùpà iwájú orí bó bá jẹ́ òru. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìbọn yìí kì í yìn lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé a tún un kì. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó ki ọta sí i, a ó fi ọ̀pá gún un, kí a tó tún sọ̀rọ̀. Bí ọdẹ inú fíìmù bá yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, gbogbo baba tó bá ń wò ó ní Ọ̀kà máa rẹ́rìn-ín, ìbáà jẹ́ ojúlówó ìbọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àsìkò tí ó fi ń kì í yẹn ni ìran náà gan-an. Ibẹ̀ ni ẹranko ti ń sá lọ, ibẹ̀ ni ọ̀tá ti ń sún mọ́ ọn.

Jagunjagun Kírìjí ni ìkejì. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọn kò sì tú àgọ́ ká tán títí di 1893. Ṣakabùlà pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Èkìtìparapọ̀ tún rí ìbọn Snider gbà nípasẹ̀ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó. Ìdí ni a ti ń ki ti Snider, kì í ṣe ẹnu, ẹni tó ní i sì ń yìn ju ẹni tó ní ṣakabùlà lọ. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹgbẹ́ méjèèjì hàn, igi méjì tí ó jọra ti tó. Kí ọ̀kan dìde kì í láti ẹnu, kí èkejì dọ̀bálẹ̀ kì í láti ìdí. Ìró ìbọn ogun náà, wọ́n ní òun ló fún un lórúkọ: Kírìjí, ìfìrógbóyèyọ gbáà. Ìlù lè ṣe ìró náà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta báńgà.

Ọlọ́pàá òde òní ni ìkẹta, AK-47 sì ni gbogbo wa mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé ọta rẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ ni ojú fi ń dá a mọ̀. Káfíńtà tó bá gé pákó sí ìrísí yẹn, tó sì fi okùn sí i kí ó gba àyà òṣèré kọjá, ti parí iṣẹ́. Ọwọ́ ọlọ́pàá tó ti rẹ̀ ló kù, tó gbé ọwọ́ lé ìbọn bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí tábìlì. Ẹ lọ wo wọn dáadáa, ẹ máa rí i pé wọn kì í na ìbọn síwájú bí àwọn ti fíìmù Amẹ́ríkà.

Ṣójà ayé ìjọba ológun yàtọ̀ sí èyí. Bí a bá ń ṣe ìtàn àwọn ọdún 1970 tàbí 1980, FN FAL ni kí a fún un, tí ilé-iṣẹ́ DICON náà ṣe ní Kàdúná. Ó gùn ju AK lọ, ilé ọta rẹ̀ sì tò gbọọrọ, kò tẹ̀. Bí a bá ra airsoft AK mẹ́ta, a ó fún ọlọ́pàá, ṣójà àti ọlọ́ṣà ní irú kan náà, ìtàn wa á sì dàrú nítorí pé a ti náwó. Pákó ni a lè gé sí ìrísí tí a bá fẹ́.

Ọlọ́ṣà ló kẹ́yìn, ìbọn ìléwọ́ sì ni wọ́n sábà máa ń fún un. Ó kéré. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kò ní rí i. Ní tèmi, kí ọlọ́ṣà wa fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀wù. Ẹni tí ó bá rí ìbọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oníke ni. Ẹni tí kò rí i, ojú onílé ló máa wò, ojú yẹn ni iṣẹ́ òṣèré wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eré àwọn òtòṣì ni mo ń gbé kalẹ̀. Ẹ rántí Ikorodu Bois, àwọn ọmọdé Ìkòròdú tó ń fi ohun èlò inú ilé tún àwọn fíìmù ńlá ṣe. Ní 2020, wọ́n tún ìpolówó fíìmù Extraction ṣe, àwọn tó ni fíìmù náà rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi ìfihàn apá kejì. Kò sí ẹni tó pè wọ́n nítorí pé ìbọn wọn jọ gidi. Ojú tí wọ́n fi wo ipa kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ṣe é gẹ́lẹ́, ló mú ayé dúró wò wọ́n.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé, kí ìgbìmọ̀ eré gbé e yẹ̀ wò. Kí a gbé iṣẹ́ náà fún káfíńtà, kí ó ṣe ìbọn kọ̀ọ̀kan ní ègé méjì tó ṣeé tú. Kí a fi ọ̀dà pupa tàbí àwọ̀ ọsàn kun ẹnu àti ìdí rẹ̀. Aṣọ dúdú kékeré lè bò ó nígbà tí kámẹ́rà bá ń yà, kí a sì tú u kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú wọn, kí ó kà wọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí, kí wọ́n sì máa wà nínú àpò ní títú. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e gun ọ̀kadà, kí ẹnikẹ́ni má fi ya fọ́tò sí orí ẹ̀rọ ayélujára. Bí a bá máa yàwòrán níta gbangba, kí a kọ́kọ́ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́, àgọ́ ọlọ́pàá àti Amọ̀tẹ́kùn, kí olórí àdúgbò náà gbọ́ ọ lẹ́nu wa ṣáájú kí ó tó gbọ́ ariwo. Kí òṣèré má sì kọ ẹnu ìbọn sí òǹwòran rárá, onígi ni o, oníke ni o.

Mo tún fẹ́ kí a lọ bá àwọn bàbá ọdẹ ní Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, kí wọ́n kọ́ òṣèré wa bí a ti ń gbé ìbọn, bí a ti ń rìn, bí a ti ń dákẹ́. Kí ẹnì kan nínú wa mú ìwé dání. Orúkọ ẹ̀yà ara ìbọn tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ka-èdè Àkókó lè má jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Ọ̀yọ́ tí a ń kà nínú ìwé, mélòó nínú wa tó jẹ́ ọmọ ibí ló sì mọ̀ wọ́n? Owó tí a fẹ́ fi ra airsoft máa tó láti ra obì àti ọtí lọ kí wọn, á tún ṣẹ́kù fún káfíńtà. Ìdìbò wá ní ọjọ́ Ẹtì. Èmi ti mọ ibi tí mo máa tẹ ìka sí.